Ìtànṣán Tí Màmá Kọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà nínú ìmọ̀ ìtànṣán, ń kí yín, mo kí ọkọ yín àti ìkókó. Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́.

Mò ń ka ewu ìtànṣán sókè fún ìdánwò físíìsì, ni Màmá bá gbọ́ pé ó ń jó ara. "Mi ò gba ìtànṣán tí wọ́n fẹ́ fi wò mí ní ọsìbítù mọ́! Kí jẹjẹrẹ ọmú yìí máa bá mi gbé!"

Mo yáa ṣí ojú ìwé àǹfààní rẹ̀, mo fi ohùn tíṣà wa tó ń gba imú sọ̀rọ̀ kà á: "Ẹ̀yin olódo, ìtànṣán kan náà, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ló ń pa jẹjẹrẹ!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí. "Tíṣà, ó yá, sìn mí lọ."

Màmá ti gba ìtànṣán náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ máa pè wọ́n, ẹ má sunkún sí wọn létí. Ayọ̀ la ó fi ríra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ o. Àbúrò yín ni, tó ti fìdí rẹmi nínú físíìsì lẹ́ẹ̀mejì.