Omi Ògì Inú Fìríìjì Màámi

Ọjọ́bọ̀, Bódìjà

Lónìí ni mo tó lè palẹ̀ fìríìjì Màámi mọ́, oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú wọn. Ìgò omi ògì tí mo gbé wá fún wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò ṣí i rárá.

Lẹ́yìn ikú Bàámi, Màámi pè mí lórí fóònù pé, "Ó ń dùn mí nínú."

Èmi tí mò ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣe inú lóore, kí ni mo bi wọ́n? "Ṣé ẹ ti yàgbẹ́ lónìí, Mà?"

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àdùkẹ́."

Bàámi ni wọ́n ń sọ. Ìfun ni mo gbọ́.

Mo wa ọkọ̀ láti Akobo, mo gbé omi ògì, tí àwọn kòkòrò náà pọ̀ nínú rẹ̀, kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa jẹ àlùbọ́sà, kí àwọn kòkòrò náà lè rí nǹkan jẹ. Mo ṣàlàyé pé ìfun àti ọpọlọ máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òótọ́ sì ni. Àwa méjèèjì ni a ò bára wa sọ̀rọ̀. Mi ò tilẹ̀ jókòó.

Nígbà tí mo ṣí ìgò náà lọ́sàn-án òní, atẹ́gùn jáde níbẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Àwọn kòkòrò yẹn ṣì wà láàyè.

Mo yára dé e padà.