Òróró Tí Mo Fi Kan Ẹ̀rọ Rìnsọ́lá

Èmi, Akínfẹ́mi Jeremáyà Ọ̀ṣúndáre, tí mo ń gbé ní Mayfair, Johannesburg, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi dá ṣáṣá. Dókítà ní ara mi le, ṣùgbọ́n kò wo ẹsẹ̀ òsì dáadáa. Arábìnrin Damaris, aládùúgbò mi, ni mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí.

1. Ilé mi di ti Rìnsọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo. Kí ó máa ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì padà wá wò ó bóyá ó tì.

2. Ológbò mi di ti Damaris, tó ti ń pè é ní olè láti ọdún mẹ́fà. Òótọ́ ni, olè ni. Kí ó má jẹ́ kó kọjá róbọ́ọ̀tì ìkóríta wa, iná tó ń darí ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ táksí kì í wo iná.

3. Irinṣẹ́ mi, àti awò tí mo fi ń wo inú aago nígbà tí mo ń tún un ṣe ní Joubert Park, di ti Rìnsọ́lá. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Òun àti Zulkifli, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe ẹ̀rọ kan ní Doornfontein, tí sátẹ́láìtì gbé lọ sójú ọ̀run. Ọ́síjìn tó wà lókè réré máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tó kọjá àwọ̀ elésè àlùkò, tí ojú wa kò lè rí. Ẹ̀rọ náà ń rí i. Bó bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ bí ọ́síjìn ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ṣú. Rìnsọ́lá ní ọ̀rá ọwọ́ ló bà á jẹ́, pé Zulkifli ló bọ́ ìbọ̀wọ́. Zulkifli búra pé òun kò bọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tú àdéhùn ìgbéyàwó wọn ká nìyẹn.

Èmi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ wò ó, ẹ̀rù bà mí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé e lọ lè jábọ́. Bí Rìnsọ́lá ti yíjú, mo fi òróró àdúrà ya àgbélébùú sí etí dígí ẹ̀rọ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì jábọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan dúpẹ́ díẹ̀.

Inú mi kọ́kọ́ dùn sí ìjà wọn, nítorí pé Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Zulkifli sì ń wá wo ẹsẹ̀ mi ní gbogbo Sátidé, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

4. N kò fún Zulkifli ní ohunkóhun. Agbẹjọ́rò ní ẹni tó bá jogún kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, mo sì fẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí, kó ka gbogbo rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Bí a bá ní ká dúró de ikú mi, wọ́n á ti darúgbó: ara mi le.

5. Kí Damaris mú ẹ̀dà kan lọ fún Rìnsọ́lá lónìí, nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. N ó pa fóònù mi.

Ọwọ́ mi rèé: A. J. Ọ̀ṣúndáre
Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá, 2024

Ẹlẹ́rìí kìíní: Olúwatìmílẹ́yìn Fọláyẹmí

Ẹlẹ́rìí kejì: Zulkifli Ayínlá. Mo ti kà á, Bàbá. Ẹ má yọ Àǹtí Damaris lẹ́nu; èmi ni n ó gbé e lọ fún Rìnsọ́lá.