Ẹ̀hónú Lórí Òfin Tó Ka Ọ̀rọ̀ "Ẹlẹ́yà" Léèwọ̀

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìta,
Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ Alájùmọ̀ṣe,
Òpópónà Ibùdókọ̀.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta.

Alága Ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Àwọn Aránṣọ,
Òkè Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÌṢÓ WA ÀTI ÈMI PADÀ SÍ ÀYÈ WA

1. Èmi ni àgbà jùlọ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí n mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi òfin bo àléébù.

2. Ìṣó kan wà lára ògiri wa látọjọ́ pípẹ́. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni bá rán bàjẹ́, ibẹ̀ là ń fi í kọ́, Ẹlẹ́yà là ń pe aṣọ náà. Ẹni tó rán an á máa jẹ́ Bàbá Ẹlẹ́yà tàbí Ìyá Ẹlẹ́yà títí á fi tú u, tí á sì tún un rán. A ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Kò pa ẹnikẹ́ni rí.

3. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá tuntun tí ẹ rán sí wa rán kóòtù funfun fún dókítà kan, ó dojú àpò méjèèjì kọlẹ̀. Dókítà ki kálàmù bọ̀ ọ́, kálàmù bá ilẹ̀ lọ. Ó ki gíláàsì ojú rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tó gbà. Nígbà tó dá a padà, mo fi í kọ́ bí a ti ń ṣe, mo sì ṣí fìlà kí Bàbá Ẹlẹ́yà tuntun, torí pé ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.

4. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òfin ti jáde lẹ́nu ọ̀gá: ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìwọ̀sí, "aṣọ tí kò tíì pé" ni ká máa wí. Ó yọ ìṣó. Ó yọ èmi náà nídìí ẹ̀rọ mi, ó ní kí n máa rán bọ́tìnnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba òwú lọ́wọ́ mi.

5. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹnìkejì wò mọ́. Aṣọ tí kò tíì pé ń bá oníbàárà lọ sílé. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá ilé-ìwé wọ ṣòkòtò tí a rán, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó dúró níwájú àwọn ọmọ. Ẹ̀rín wọn ò dáwọ́ dúró títí aago fi lù. Omijé wà lójú rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ pè é ní ẹni ẹlẹ́yà. A kò pè é. Ó ṣáà ti di ẹni ẹlẹ́yà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, nígbà tí ẹlẹ́yà wà lára ògiri, kò sí lára ènìyàn. Ìtumọ̀ tí èmi mọ̀ fún un nìyẹn.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá ìṣó padà sára ògiri, kí ẹ sì dá mi padà sídìí ẹ̀rọ mi. Iṣẹ́ tí mo fi dàgbà nìyẹn, n kò fẹ́ fi bọ́tìnnì parí rẹ̀. Mo tún gbọ́ pé ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ yín. N kò sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nílé, kí ìyàwó yín yí yín ká wò dáadáa, kí ẹ tó fèsì lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín láti ọ̀dẹ̀dẹ̀,
Bàbá Abẹ́rẹ́,
Aránṣọ Àgbà.