Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Mẹ́ta Nínú Ilé Kan

                                        Yàrá Kẹfà, Àjà Kẹta,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, alábàágbé mi àtijọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti gun àtẹ̀gùn? Àbúrò rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ńkọ́, ṣé ó ti rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba? Ara tèmi le. Ara gbogbo wa ló le nínú ilé yìí. Àyè tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí láti ṣàìsàn ni kò sí, ìwọ náà á sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní onílé ti gbà láti fún wa ní ṣọ́ọ̀bù tí a ó ti máa tún fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, pé ìdajì owó tèmi nìkan lo ń retí. O tún ní bí kò bá tó, kí n má ṣèyọnu, bánkì ti fún ọ ní káàdì àwìn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wá ibi jókòó. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹyẹ yẹn ò ní ọ̀rẹ́ ni.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé, lórí àga gbọọrọ inú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá, ń ṣe búrẹ́dì. Èèyàn rere ni àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé yìí, a kì í kéde oore. Ẹni tó bá ra nǹkan wálé á kàn gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá rí i kò sì gbọdọ̀ béèrè iye tó rà á. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ilé búrẹ́dì dín ọjọ́ iṣẹ́ Bùọ̀dá kù, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó gba káàdì kan, ó ń fa owó inú rẹ̀ kún owó oúnjẹ kó lè pé bó ṣe máa ń pé. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ rí i pé owó oúnjẹ náà kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ kí ojú ti ọkọ òun, òun náà bá lọ gba káàdì: ó fi ra bàtà ilé ìwé ọmọ wọn, ó fi san owó eyín tí wọ́n ń tọ́jú fún un, ó fi san owó iná. Kò sẹ́ni tó ra góòlù nínú wọn. Ìkòkò tuntun pàápàá wọn ò rà.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé káàdì ò lójú. Bí aládùúgbò bá yá ọ lówó, á máa kí ọ ní kíkí tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ á sì tètè san án kí etí rẹ lè sinmi. Káàdì kì í kí ẹnikẹ́ni. Á dákẹ́ sínú pọ́ọ̀sì bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí o san díẹ̀ lóṣù, o san díẹ̀ náà, o sì rò pé gbèsè lo san. Èlé lo san. Gbèsè wà níbi tó wà, ó ń sanra. Nígbà tí Bùọ̀dá jẹ ẹ́ débi tó yẹ kí àyà bánkì máa já, bánkì kọ̀wé sí i pé oníbàárà àtàtà ni, wọ́n sì fi kún iye tó lè jẹ. Èmi ò tíì rí apẹja tó ń kí ẹja kú iṣẹ́ rí.

Bùọ̀dá ló sọ tirẹ̀ fún mi lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi sọ tirẹ̀ nílé ìdáná. Oníkálukú ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnì kejì, oníkálukú sì bẹ̀ mí pé kí n gba káàdì lórúkọ ara mi, ká fi san èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Mo wá di ògiri àárín yàrá méjì: mo gbọ́ tọ̀tún, mo gbọ́ tòsì, mo dákẹ́.

Ibi tí a dé nìyí tí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi kọṣẹ́. Bẹ́líìtì ló já, bẹ́líìtì kò sì wọ́n. Mo tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń kọ́ àṣà ilé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo kó aṣọ ọmọ sí i, ó ń yí, ó ń kọrin. Àwọn alábàárù méjì bá gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun kan wọlé, wọ́n làágùn títí. Bùọ̀dá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó já páálí rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó dé láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìyàwó máa dé, àwọn alábàárù méjì mìíràn ló ń tẹ̀ lé e. Òun náà ti já páálí tirẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Ìyàwó mi, kí nìyẹn?”

“Ẹ̀yin náà, kí nìyẹn?”

“Mo ní kí n fi yà ọ́ lẹ́nu ni.”

“Ó ti yà mí lẹ́nu. Owó wo lẹ fi rà á?”

O ò gbọ́? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Bùọ̀dá wolẹ̀. “Ìwọ ńkọ́,” ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “èwo lo fi rà tìrẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ọ̀kan nínú àwọn alábàárù wí, “ẹ bá wa fọwọ́ síwèé. Ẹ lè máa jà lọ lẹ́yìn náà.”

Ilé ìdáná ò gba méjì, ká má tilẹ̀ sọ mẹ́ta. Tuntun kan wọ pálọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àga tí mo ń sùn lé; èkejì há sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lọ iwájú, kò lọ ẹ̀yìn. Ilé ìtajà ní àwọn kì í gba ohun tí wọ́n ti já páálí rẹ̀ padà. Orí èyí tó há náà ni a ń gùn kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀ báyìí. Ọmọ wọn ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kó káàdì lé orí ẹ̀rọ náà: mẹ́ta ti Bùọ̀dá, méjì ti ẹ̀gbọ́n mi. Káàdì kọ̀ọ̀kan tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ ti bímọ. Wọn ò jà. Wọ́n kàn ń wò ó, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹni tóun ń bò láṣìírí náà ló ń bo òun. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn méjì yìí sì ti rìn pọ̀ báyìí. Wọ́n jọ yíjú sí mi.

“Àbúrò,” ni Bùọ̀dá wí, “orúkọ tìẹ ṣì mọ́ ní bánkì. Oṣù mẹ́ta péré.”

Mo ní n kò ní gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìdáná lọ. Ó kàn bu oúnjẹ fún mi, ẹran tó fi sí i sì tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ń jẹ ẹ́ ni mo rántí ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Kí n tó gbé ṣíbí rárá ni mo ti wà nínú gbèsè náà. Ẹran yẹn há mi lọ́fun bí ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ìdajì tèmi nínú owó ṣọ́ọ̀bù wa ni mo kó fún wọn. Kò san gbogbo rẹ̀, ó kàn pa àwọn káàdì tí èlé wọn le jù. Ẹ̀mú tí mo fi ń gé wáyà ni mo fi gé mẹ́rin. Nígbà tó kan ẹ̀karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bò ó. Ó ní kí n jẹ́ kí eyín ọmọ yẹn jinná ná. Bùọ̀dá ò lè wojú mi. N kò fi agbára gbà á.

Nítorí náà, má ṣe fi ṣọ́ọ̀bù náà dúró dè mí. Bí inú rẹ bá máa bí sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ṣe fi káàdì yẹn dí àyè mi. Jẹ́ kí àyè náà ṣófo. Àyè tó ṣófo kì í gba èlé.

Bá mi kí Ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì sọ fún aránṣọ yẹn pé mo ṣì ń retí ṣòkòtò mi. Gbogbo ará ilé kí ọ. Má wo bí ìlà ìwé mi ṣe wọ́: àga àti tábìlì ò sí níbi tí mo ti ń kọ ọ́, orí ẹ̀rọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé e lé. Ọkọ àtìyàwó sì ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì báyìí, wọ́n ń retí kí n kúrò kí wọ́n lè kọjá.

Tìrẹ ni mí, bí n kò tilẹ̀ lè dé,

Àgbà Wáyà