Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Àdúgbò Ùrò,
                                                  Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                                  20 Oṣù Kìíní, 2025.

Motọ́lání ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Adéọlá,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìlọrin níbẹ̀ yẹn? Bàbá Adéọlá ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Adéọlá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti wọlé ìwé padà? Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ọdún tó kọjá. Àwa náà wà níbí, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn nínú wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara mi le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá, mi ò ní í purọ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé ò ń bínú sí mi. Mo rí gbogbo bó o ṣe ń pè mí láti ọjọ́ kejì Kérésì. Kì í ṣe pé mi ò ráyè gbé e. Ohùn rẹ ni mo ń sá fún. Tí mo bá gbọ́ ohùn yẹn pẹ́nrẹ́n, màá gbàgbé ohun tó yẹ kí n sọ, bí mo ṣe gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á tán kó o tó bú mi.

Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ Iyìolúwa àbúrò rẹ nígbà ọdún Àjíǹde? O mọ̀ pé látìgbà tí àwọn tó ń fi ẹṣin háyà fún ìwúyè àti ìgbéyàwó ti dá eré ẹṣin sílẹ̀ níbí, pápá iléèwé wa ni wọ́n ti ń sá a. Bí wọ́n ṣe fi èmi tíṣà ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agẹṣin wí nìyẹn. Wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ọwọ́ ìkọ̀wé! Ǹ bá ti mọ̀, ǹ bá máa kọ ọ́ wúruwùru bíi ti dókítà. Lọ́jọ́ yẹn, Iyìolúwa ló wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, ó já ẹṣin rẹ̀ gba iwájú Yínká tí wọ́n jọ ń sáré kọjá, kò tiẹ̀ wò bóyá àyè wà. Ẹṣin Yínká kọsẹ̀, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ọrùn ọwọ́ nìkan ló yẹ̀, ó sì san láàárín oṣù kan.

Òfin wa ò ṣòroó kà: ẹni tó bá gé iwájú ẹlòmíràn lórí eré, ọdún kan gbáko ni kò ní í gun ẹṣin. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, ẹbí yín kún inú kíláàsì fọ́fọ́. Màmá yín kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín wá láti Ọ̀rún-Èkìtì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹni ọgọ́rin ọdún, Motọ́lání! Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ara tu kálukú. Òwe yẹn dùn mọ́ wa débi pé kò sẹ́ni tó bi Bàbá pé ta ni ẹṣin dá. Ṣebí Yínká ni ẹṣin dá. Iyìolúwa ò ṣubú.

Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́, èèyàn méjì ní kó lọ rọ́kún nílé, èèyàn méjì ní ká kìlọ̀ fún un kó máa lọ. Ó wá ku èmi. Ìwọ náà sì ti pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. O ní, "Fọlá, tìtorí abọ́ kan ṣoṣo tá a jọ fi jẹun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, má jẹ́ kójú tì mí." Mo nawọ́ pẹ̀lú àwọn tó ní ká kìlọ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Màmá yín dì mọ́ mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi títí mo fi gun ọ̀kadà. Inú mi dùn pé mo ṣojú àánú.

Ó wá di ọjọ́ kejì Kérésì. Kọ́nà yẹn náà ni. Elijah ló wà níwájú, ọmọ Ìgbàrà-Odò, bíríkìlà ni, ọmọ jẹ́jẹ́. Ó ń kọ́lé fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti mọ ọ́n dé ojú fèrèsé. Iyìolúwa tún gé iwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹṣin àti Elijah jọ ṣubú ni, ẹṣin sì wó lé e lórí. Mo wà níbẹ̀, Motọ́lání. Mo sáré débẹ̀, ó ń wò mí, ó ní, "Mọ̀mí, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́." Àwọn dókítà ti sọ̀rọ̀. Eegun ẹ̀yìn ni. Wọ́n ní kò ní í rìn mọ́.

Ẹbí yín tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ ìyá Elijah ni wọ́n lọ. Ìyá náà dárí jì wọ́n. Kò tán síbẹ̀, obìnrin yẹn wọkọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀, ó ní, "Ọmọ tèmi ti ṣubú ná. Ẹ má fi ìyà jẹ ọmọ ẹlòmíì tìtorí tèmi." Háà! Alága wa, Ọ̀gá Oyèwọlé, ń fi áńkáṣífù nu ojú. Mo rí i tí àwọn yòókù ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i pé a tún fẹ́ẹ́ ṣojú àánú bíi ti àkọ́kọ́. Ni mo bá dìde. Mo ní, "Màmá, ẹ ti dárí jì í, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà Àjíǹde tó ń bọ̀, òun náà níyàá." A dá a dúró títí láé. Èmi ni mo kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹṣin ló fi ń jẹun. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Màmá yín ò dá mi lóhùn mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kí wọn títí, wọ́n ń wo ògiri. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án àná ni Iyìolúwa wá sílé mi. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù hangogo. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ Elijah, òun ló ń bá wọn yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Àǹtí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí n tún gun ẹṣin?" Ṣé kí n sọ pé ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lo bẹ̀ mí? Ta ló nawọ́? Èmi ni.

Bá mi kí Bàbá Adéọlá, kó o sì bá mi kí Adéọlá pé kó múra síwèé rẹ̀. Tó o bá ń bọ̀ wálé, má tíì wá sọ́dọ̀ mi, má sì tíì lọ sọ́dọ̀ Màmá. Kọ́kọ́ ya Ìgbàrà-Odò lọ kí Elijah.

Iyìolúwa ní òun á padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Motọ́lání, kí ni ká sọ fún un?

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ látìgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì,
                                                  Fọláyẹmí.