Ewúrẹ́ Inú Ìwé Ọ̀gá Mi

Òmù-Àrán, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Màmá àgbà dé láti Àrán-Ọ̀rin. Mo ka ìwé kan fún un, èyí tí ọ̀gá mi ní yunifásítì fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹkún ìyàwó tí Màmá sun sínú téèpù mi lọ́dún tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ní òun lòun gbà á sílẹ̀. Kò dárúkọ Màmá, kò dárúkọ mi.

Mo dé ìlà kan: "Kúrò níbẹ̀, ewúrẹ́ aláìnítìjú." Odindi orí kan ni ọ̀gá fi ṣàlàyé ewúrẹ́ yìí. Ó ní ọkọ tí ìyàwó ń bẹ̀rù ni, ó tún fi wé ewúrẹ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́.

Màmá wò mí. "Ṣebí ewúrẹ́ Ìyá Bọ́lá ni mo ń lé lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ jẹ èlùbọ́ mi tán."

Ọ̀gá kò ní jẹ ẹ́ gbé. Téèpù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó ìwé náà jáde, níwájú gbogbo ọ̀mọ̀wé, n ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Èmi náà ni ọ̀gá ní kí n bá òun yẹ àṣìṣe inú ìwé náà wò. Mo ti fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, mo tún gbogbo kọ́mà ṣe.

Ewúrẹ́ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.