Ààbọ̀ Dígírì fún Àbúrò Mi

Èmi, tí gbogbo ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn mọ̀ sí Ìyá Oníwọ̀n, tí mo kọ́ ìṣirò yege ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ọwọ́ mi kò gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí. Lọ́yà mi àti ọmọbìnrin mi ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

1. Ilé mi àti ọgbà ẹ̀yìn rẹ̀ di ti ọmọbìnrin mi. Kí ó má ṣe gé òdòdó oòrùn ẹ̀gbẹ́ kànga kí ó tó gbó.

2. Ológbò mi olójú kan di ti aṣọ́gbà. Ọkùnrin yìí nìkan ló bi mí rí nípa ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún wọ̀n. Mo dá a lóhùn pé igun tó wà láàárín kóró òdòdó kan àti èyí tó hù tẹ̀ lé e ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi ìṣirò ya àwòrán odindi òdòdó kí ó tó tanná. Ó bi mí bóyá òdòdó náà lọ ilé ẹ̀kọ́. Mo rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

3. Irinṣẹ́ ìwọ̀n igun mi tuntun àti ìwé àkọsílẹ̀ mi kejì di ti ọmọbìnrin mi. Ìwé kìíní kò sí nílé. Àbúrò mi ọkùnrin, tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ló mú un nígbà tí mo wà lórí ibùsùn àìsàn. Ó sọ ọ́ di ìwé títẹ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kàn ń bá wọn bomi rin òdòdó ni.

4. Fún àbúrò mi yìí, mo fi ààbọ̀ sílẹ̀. Kí ó má tíì yọ̀. Kì í ṣe ààbọ̀ ilé. Irinṣẹ́ ìwọ̀n igun mi àtijọ́ kò ní àmì ààbọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ dígírì mẹ́tàdínlógóje sínú ìwé kìíní. Mẹ́tàdínlógóje àti ààbọ̀ ni. Inú ìwé kejì ló wà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wọn òdòdó ìbá ti mọ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà tirẹ̀ ya òdòdó, àlàfo á lanu láàárín àwọn kóró bí eyín arúgbó. Òdòdó tó wà lára èèpo ìwé rẹ̀ ńkọ́? Fọ́tò ni. Inú ọgbà mi ló ti yà á.

5. Àwọn atẹ̀wé fẹ́ tún ìwé àbúrò mi tẹ̀. Mo fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú mi. Bí ó bá dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo wọn igun náà, kí ọmọ mi fún un ní ẹ̀dà ìwé kejì kí ó fi tún tirẹ̀ ṣe. Bí kò bá ṣe é, kí lọ́yà fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nídìí oúnjẹ, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ kù díẹ̀. Ó ní kí n lọ bomi rin òdòdó. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ààbọ̀ ni mo sọ nígbà náà. Odindi rẹ̀ rèé.

Mo fọwọ́ sí i: Ìyá Oníwọ̀n
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán

Àwọn ẹlẹ́rìí: nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, akọ̀wé lọ́yà. (Aṣọ́gbà kò lè jẹ́rìí, nítorí ó jogún ológbò.)